Ìwà Màlúù: Ṣé Inú Ẹ̀jẹ̀ Ló Ti Wá, àbí Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Sìn Ín?

Ẹ̀kọ́ tiwa lọ́tẹ̀ yìí wà fún àwọn tó ń so màlúù kan tàbí méjì mọ́lẹ̀ láti bọ́ tà, àti àwọn tó ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Òrè sí Òdìgbó ra akọ màlúù méjì láti bọ́ de Iléyá. Ọjọ́ kan náà ló rà wọ́n, nínú ọjà kan náà. Abẹ́ igi kan náà ló so wọ́n sí, oúnjẹ kan náà ló sì ń fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ọ̀kan ti ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé. Èkejì já okùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ìwo gbá ìyá àgbà tó ń sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn, ó sì forí lé títì márosẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ tètè tẹ bíréèkì. Egungun ìhà ìyá àgbà ṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ta màlúù náà fún alápatà, owó tí wọ́n sì gbà kò tó èyí tí wọ́n fi rà á.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́, baálé ilé ní, "Ìran burúkú ni ẹran yẹn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn." Ìyàwó rẹ̀ ní rárá o, ọmọkùnrin tí wọ́n gbà láti máa gé koríko fún un ló ń fi pàṣán nà án lójú lójoojúmọ́. Ìjíròrò yẹn la fẹ́ parí níhìn-ín. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, àwọn méjèèjì ló jàre, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fọwọ́ sí òfin tó ka dída màlúù jẹ̀ kiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù, ojú kan ni yóò ti sìn ín. Ojú kan yẹn kì í jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyàwó, ọmọ àti arúgbó ń gbà kọjá. Màlúù tó le, tó bá wà nínú igbó, wàhálà darandaran nìkan ni. Màlúù tó le lẹ́yìnkùlé, wàhálà gbogbo ilé ni.

1. KÍ NI À Ń PÈ NÍ ÌWÀ MÀLÚÙ?

Ìwà màlúù ni bó ṣe ń ṣe nígbà tí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, nígbà tí wọ́n bá dè é, tàbí nígbà tó bá rí ohun tí kò rí rí. Òmíràn á dúró, á máa wò. Òmíràn á sá. Òmíràn á kọjú ìjà sí ènìyàn. Ẹ rántí pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní "orí kunkun", ẹ̀rù ni. Ẹran tí ẹrù ń bà tí kò sì rí ọ̀nà sá lọ, ìwo ló kù fún un.

Ìwà yìí kan àpò yín pẹ̀lú. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà fi hàn pé màlúù tó fara balẹ̀ ń sanra lójúmọ́ ju èyí tó ń ta pọ́ún-pọ́ún lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹun kan náà. Wọ́n tún rí i pé ẹran ara àwọn tó ń ta pọ́ún-pọ́ún máa ń le, ó sì máa ń dúdú nígbà tí wọ́n bá pa wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹran tó ti fi ìjàyà lo agbára ara rẹ̀ tán kó tó dé ọwọ́ alápatà, ẹran ara rẹ̀ kì í pọ́n dáadáa. Oníbàárà á wò ó, á ní ẹran ìjẹta ni, á sì dín owó.

2. OHUN TÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Ìwà wà lára ohun tí ọmọ màlúù ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jogún àwọ̀ àti ìwo. Ṣùgbọ́n kì í jogún gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá pín ìdí tí màlúù kan fi le ju èkejì lọ nínú agbo kan sí ọ̀nà 10, ìwádìí púpọ̀ fi hàn pé nǹkan bíi ọ̀nà 2 sí 4 jẹ́ ti ìran. Èyí tó kù wá láti inú ìtọ́jú, oúnjẹ, àìsàn, àti ohun tí ojú ẹran náà ti rí.

Ọ̀nà 2 sí 4 yẹn kì í ṣe kékeré. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sin màlúù Limousin, ìran kan tó ti ilẹ̀ Faransé wá, rí i pé àwọn oníbàárà ń sá fún ẹran wọn nítorí pé ó le. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún màlúù kọ̀ọ̀kan ní máàkì ìwà, tí wọ́n sì ń yan akọ tó fara balẹ̀ láti gun abo. Ní ìran dé ìran, ìwà agbo wọn rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Yíyan akọ ni.

Ohun kan wà tí ẹ lè fi ojú wò. Ní iwájú orí màlúù, irun máa ń lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín. Ní ọdún 1995, Temple Grandin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn màlúù tí ìyípo irun yìí wà lókè ojú wọn máa ń jà ju àwọn tí tiwọn wà ní ọ̀gangan ojú tàbí nísàlẹ̀ ojú lọ, tí wọ́n bá dè wọ́n mọ́lẹ̀. Kì í ṣe àmì tí kì í tàsé o. Ẹ fi kún ohun yòókù tí ẹ ó wò, ẹ má fi òun nìkan ra ẹran.

3. ÀWỌN ÌRAN TÍ À Ń RÍ

Fúlàní Funfun (Bunaji): Òun ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ó ní iké àti ìwo gígùn. Lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó gbọ́ràn. Lọ́dọ̀ àjèjì, ó lè jà.

Gùdálì Sókótó: Ìwo rẹ̀ kúrú, awọ ọrùn rẹ̀ ń fì, ara rẹ̀ sì ki. A mọ̀ ọ́n sí ẹran tó fara balẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Bororo Pupa (Rahaji): Pupa bí iyèpè ilẹ̀ pupa, ìwo rẹ̀ gùn ròkè. Ó máa ń fòyà púpọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹni tó ń dà á. Tí wọ́n bá mú un kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ó nira láti kápá. Ojú ọjọ́ ọlọ́rinrin ti ilẹ̀ igbó wa náà kò bá a lára mu. Ẹni tí kò tíì sin màlúù rí, kó má fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Mùtúrù: Kúkúrú, kò ní iké, dúdú tàbí dúdú-òun-funfun. Ìran ilẹ̀ igbó wa ni. Ó lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn ẹran, èyí tó ń pa àwọn oníké.

Kẹ̀tẹ̀kú: Àdàpọ̀ Mùtúrù àti Fúlàní Funfun. Ó tóbi ju Mùtúrù lọ, ó sì ní díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ láti fara da àrùn yẹn.

Ẹ fojú sílẹ̀ o: nínú ìran kọ̀ọ̀kan, a máa ń rí oníwà pẹ̀lẹ́ àti oníjàgídíjàgan. Orúkọ ìran á sọ ohun tó ṣeé ṣe fún yín. Ẹran tó wà níwájú yín ló máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

4. OHUN TÍ ỌWỌ́ ẸNI Ń ṢE

Mùtúrù ni kó jẹ́ olùkọ́ wa. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ igbó ní gúúsù Nàìjíríà, wọ́n máa ń fi Mùtúrù sílẹ̀ kó máa rìn bó ṣe wù ú. Kò sẹ́ni tó ń so ó, kò sẹ́ni tó ń fún wàrà rẹ̀, àfi ọjọ́ ìnáwó tàbí ọjọ́ òkú àgbà ni wọ́n ń wá a. Irú wọn a máa di ẹran ìgbẹ́, wọ́n á máa lé ènìyàn. Ṣùgbọ́n Mùtúrù kan náà, níbi tí wọ́n bá ti ń so ó mọ́ ilé tí wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ lọ́wọ́, ọmọdé ló ń fà á lọ sódò. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ọwọ́ ló yàtọ̀.

Ẹ wá wo Fúlàní Funfun. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì láti Amẹ́ríkà, Dale Lott àti Benjamin Hart, lọ wo bí àwọn Fúlàní ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń kápá ẹran tó tóbi jù wọ́n lọ láìsí ọgbà àti láìsí okùn. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1977 àti 1979. Wọ́n rí i pé darandaran máa ń fọwọ́ pa ẹran lórí, lọ́rùn àti láàárín itan ẹ̀yìn, níbi tí màlúù fúnra wọn ti máa ń lá ara wọn. Wọ́n tún rí i pé akọ tó bá ki orí sílẹ̀ sí ènìyàn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń dá a lẹ́kun, kí ó tó mọ̀ pé òun lágbára jù wọ́n. Ìfọwọ́pa rẹpẹtẹ, ìbáwí díẹ̀, tó sì bọ́ sákòókò. Ọgbọ́n iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó rí ọ̀pá lọ́wọ́ darandaran, tí kò rí ọwọ́ kejì tó ń pa ẹran lára, ìdajì ẹ̀kọ́ ló rí kọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ màlúù tí ẹ bá fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ láti kékeré, kò ní bẹ̀rù ènìyàn tó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: akọ ọmọ màlúù tí ìyá rẹ̀ kú, tí ẹ dá nìkan tọ́ láàárín àwọn ọmọdé, tó ń bá wọn ta orí ṣeré, ó léwu tó bá dàgbà. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 1990 fi hàn pé akọ tí wọ́n fọwọ́ tọ́ ní òun nìkan máa ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn ju èyí tí wọ́n fọwọ́ tọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé màlúù ni òun, ó rò pé ẹgbẹ́ òun ni yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi orí gbá a ṣeré. Ẹ wá ẹran míì fún un bá gbé.

5. ẸRAN TÓ DÁKẸ́ LÈ MÁ JẸ́ ẸRAN TÓ NÍWÀ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe àṣìṣe níbí. Ẹran tó forí kọ́lẹ̀, tí irun rẹ̀ dúró ṣáńṣán, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ẹran ìtàn rẹ̀ ti joro, tí kò sì mira bí ẹ ti fọwọ́ kàn án, kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́. Àìsàn ló ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ èyí tí eṣinṣin tsetse ń fà. Bákan náà, ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Òkè Ọya, tí òùngbẹ ti gbẹ ọ̀fun rẹ̀, ó lè dúró jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Tó bá mu omi tó jẹun, ìwà rẹ̀ gan-an á jáde.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Màlúù tó ti ń gbọ́ràn tẹ́lẹ̀, tó ṣàdédé yí padà, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ṣé eégbọn ti bò ó létí? Ṣé okùn ti gé e lọ́rùn? Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni? Abo tó bímọ tuntun lè bá olówó rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n tó bá ń ké lákọlákọ, tó ń da itọ́, tí kò lè gbé omi mì, tó sì ń kọ lu ènìyàn, ó lè jẹ́ àrùn digbòlugi tí ajá kó ràn án. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wò ó bóyá nǹkan há a lọ́fun. Ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ké sí dókítà ẹran. Ẹ má pa á jẹ. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn lójú egbò, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́.

6. KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ má jẹ́ kí ìyára ọjà sáré mú yín. Ẹ dúró lókèèrè ná, kí ẹ wo ẹran náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Ẹ fún un ní máàkì:

1 – Ó dúró, ó ń jẹ àpọ́jẹ, ó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án.
2 – Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀, ó tún dúró.
3 – Kò dúró lójú kan, ó ń ju ìrù, etí rẹ̀ ń yí síbí yí sọ́hùn-ún.
4 – Ó ń fa okùn, ó ń fò sókè, ó ń kọ lu àwọn yòókù.
5 – Ó kọjú ìjà sí ènìyàn.

Tí ìlera rẹ̀ bá pé, ẹ ra 1 tàbí 2. Ẹni tó mọṣẹ́ lè ra 3. Ẹ fi 4 àti 5 sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà ní ọ̀nà míì tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1980: wọ́n á tú ẹran sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n há a mọ́, wọ́n á wo bó ṣe yára jáde tó. Èyí tó ń rìn jáde sàn ju èyí tó tú jáde bí ọfà. Ẹ̀yin náà lè wò ó nígbà tí wọ́n bá ń tú wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

7. ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ ÀKỌ́KỌ́ NÍLÉ

(a) Ọjọ́ kìíní sí ìkẹta: Ẹ fún un ní òjìji, omi tútù àti koríko. Ẹ má ṣe iṣẹ́ kankan lára rẹ̀ tí kì í ṣe dandan. Ẹ má dá òun nìkan so. Màlúù ń bẹ̀rù àdágbé. Méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Tí ọ̀kan ni owó yín ká, ẹ so ó síbi tó ti lè máa rí ewúrẹ́ tàbí àgùntàn.

(b) Ọjọ́ kẹrin sí ìkeje: Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un lóúnjẹ, ní àkókò kan náà. Kó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bọ̀, kí ẹran náà mọ ohùn rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ dáadáa lóòrùn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé agúnmániyè dára láti fi bá a dọ́rẹ̀ẹ́.

(d) Ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹrìnlá: Kó máa fọwọ́ pa á lọ́rùn àti lẹ́yìn etí, kó máa já eégbọn lára rẹ̀.

Ojú màlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ yọ sí i lójijì, ìpá ló ń wá. Màlúù kọ̀ọ̀kan tún ní ààlà ìbẹ̀rù tirẹ̀. Tí ẹ bá wọ inú ààlà náà, yóò rìn. Tí ẹ bá jáde, yóò dúró. Ẹ dúró díẹ̀ sẹ́yìn èjìká rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kó lọ síwájú. Ẹ bọ́ síwájú èjìká tí ẹ bá fẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ẹni tó mọ èyí kò nílò pàṣán. Ẹ má na ẹran lójú láéláé. Ìrora ibẹ̀ kì í kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ọwọ́ ènìyàn ló ń kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù.

Akọ tí ẹ kò fẹ́ fi gun abo, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá nígbà tó ṣì kéré. Ọ̀dá kì í jà bí akọ, ó sì rọrùn láti bọ́ sanra.

8. AKỌ TÍ Ẹ FẸ́ FI GUN ABO

Akọ kan lè bí ọ̀pọ̀ ọmọ káàkiri abúlé. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ kí akọ oníjà gun abo rẹ̀ nítorí pé ó tóbi, ó ń gbin ìjà sí agbo tirẹ̀ àti ti aládùúgbò. Ẹ béèrè bí àwọn ọmọ akọ náà ṣe ń ṣe. Tí ọmọ rẹ̀ bá le níbi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti le, ẹ wo ọwọ́ onílé náà.

ÀKÓTÁN

Baálé ilé tí a fi bẹ̀rẹ̀ jàre: ẹran kan wà tí a bí ìfòyà mọ́, ó sì yẹ kó ti rí i lọ́jà. Ìyàwó rẹ̀ náà jàre: pàṣán ló sọ ìfòyà di ìjà. Ẹran tó fara balẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin kan náà ló sì ń gé koríko fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwà tiẹ̀ mú kó fara da ohun tí èkejì kò lè fara dà. Ìran ló ń sọ bí ẹran ṣe lè tètè bẹ̀rù tó. Ìtọ́jú ló ń sọ bóyá ẹ̀rù náà á lọ tàbí á di ewu. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra ẹran, èkejì wà lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Màlúù wo ló le jù ní abúlé yín? Ṣé ẹ mọ akọ tó bí i?
2. Ta ló ń fún ẹran yín lóúnjẹ, kí ló sì máa ń mú lọ́wọ́ tó bá ń lọ síbẹ̀?
3. Ibi tí ẹ so ẹran mọ́, ta ló ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́? Ṣé ibòmíràn wà tí ẹ lè so ó sí kí ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá fún olùkọ́ àgbẹ̀ yín. Ẹran yín á sàn, ẹ kò ní pàdánù o.